Láti Ipò Ìyálóde dé Ipò Asíwájú Obìnrin: Ẹ̀tọ́ Obìnrin ní Ẹdẹ àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Àkókò Àyípadà sí Ìjọba Àwa-ara-wa

Àṣamọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò ni ẹ̀tọ́ obìnrin nínú ìṣèlú ní àkókò tí ilẹ̀ Nàìjíríà ń kúrò lábẹ́ ìjọba ológun bọ́ sí abẹ́ ìjọba àwa-ara-wa. Ìlú Ẹdẹ, àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí Ẹdẹ jẹ́ ọ̀kan lára ìlú ńlá rẹ̀, ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ètò àyípadà tó wáyé láàrin 1986 sí 1999 pe àwọn obìnrin síta láti wá dìbò, ṣùgbọ́n kò dá ìjókòó tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí nínú ìgbìmọ̀ ìlú padà fún wọn. Ó tún fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọmọ onílùú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin, wà lára ohun tó ń dí obìnrin abilékọ lọ́wọ́ nínú òṣèlú. Àbá tí iṣẹ́ náà dá ni pé kí òfin ya àyè sọ́tọ̀ fún obìnrin, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ àánú ẹgbẹ́ òṣèlú.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn láti máa pa òwe yìí nígbà tí wọ́n bá ń wá ìbò obìnrin kiri. Wọ́n a ní iṣẹ́ ọkùnrin yàtọ̀, iṣẹ́ obìnrin yàtọ̀, àti pé ọ̀kan kò lè ṣe láìsí èkejì. Kò sí àríyànjiyàn lórí èyí. Ìbéèrè tó kù ni pé, nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá ti ṣe iṣẹ́ tán, ta ni ó ń pín ohun tó wà lórí pẹpẹ àti èyí tó wà nínú kèrègbè?

Àyípadà tí iṣẹ́ yìí ń sọ bẹ̀rẹ̀ ní 1986, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida yan àjọ tí wọ́n pè ní Political Bureau láti bá ìlú fikùn lukùn lórí irú ìjọba tí yóò gba ipò lọ́wọ́ ológun. Ó parí ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 1999, nígbà tí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar gbé ìjọba lé Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlá ló wà láàrin méjèèjì. Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin láàrin ọdún wọ̀nyí tó lè yéni, ó yẹ kí á mọ ipò tí wọ́n wà kí ológun tó dé, kí á sì wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ìdí mẹ́ta ni Ẹdẹ fi bá iṣẹ́ báyìí mu. Èkíní, ìlú Ọ̀yọ́ ni Ẹdẹ ní ti àṣà àti ètò ìjòyè. Láti Ọ̀yọ́ ni Tìmì ti wá tẹ ìlú náà dó, oyè Ìyálóde kò sì ṣàjèjì níbẹ̀. Èkejì, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ẹdẹ láti ìgbà Tìmì Abíbù Lágúnjú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọba tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí lórí ìtẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, Ẹdẹ ni a lè fi yẹ èrò àwọn tó ń sọ pé ẹ̀sìn ló ń fa obìnrin sẹ́yìn wò. Ẹ̀kẹta, ọmọ Ẹdẹ ni Ìsíákà Adétúnjí Adélékè, gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní 2022, àbúrò rẹ̀, Adémọ́lá Adélékè, náà di gómìnà. Ìlú yìí kò jìnnà sí àṣẹ. Bí obìnrin kò bá rí àyè níbẹ̀, a kò lè sọ pé jíjìnnà ìlú sí ìjọba ló fà á.

2.0 Ìyálóde àti Àga Rẹ̀ Nínú Ìgbìmọ̀ Ìlú

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awe, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n bí ní Iléṣà, ṣe iṣẹ́ ìwádìí pàtàkì kan lórí oyè Ìyálóde ní 1977. Ohun tó fi yé àwọn onímọ̀ ni pé Ìyálóde kì í ṣe oyè ẹ̀yẹ lásán. Olóyè ìlú ni. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ oyè, ó ní àwọn ìjòyè tirẹ̀ bí Ọ̀tún àti Òsì, ó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn obìnrin, ó sì ń jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè ọkùnrin nígbà tí wọ́n bá ń gbèrò lórí ogun, àlàáfíà, ọjà àti ọ̀nà. Àwọn obìnrin kì í fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà, nítorí ẹnu tiwọn wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí á fiyè sí. Ìyálóde kì í ṣe ìyàwó ọba. Akitiyan rẹ̀, owó rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ àti iye ènìyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi í joyè. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ẹfúnróyè Tinúbú, tó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864 nítorí ipa tó kó nínú ogun àti òwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí ẹnu rẹ̀ tó ọ̀rọ̀ débi pé ó ta ko ogun tí Ààrẹ Látòósà ń jà, tí èyí sì yọrí sí ikú rẹ̀ ní 1874. Lábẹ́ agbára Ìbàdàn ni Ẹdẹ wà ní ìgbà náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kì í pẹ́ kó tó dé etí ará Ẹdẹ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìdọ́gba pípé wà láyé àtijọ́. Obìnrin kan ṣoṣo láàrin ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni Ìyálóde. Àwọn ọlọ́lá obìnrin gan-an ní ẹrú lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀tọ́ tí ìyáálé ní kò sì jọ ti ìwọ̀fà. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ ni àga yẹn, kì í ṣe oore. Bí Ìyálóde kan bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ fi òmíràn joyè.

Ìjọba òyìnbó ló kọ́kọ́ ba ètò yìí jẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ ọba àti àwọn ìjòyè di aláṣẹ ìbílẹ̀ tó ń gba owó oṣù, àwọn ìjòyè ọkùnrin ni wọ́n mọ̀. Ìyálóde kù sí ọjà àti sí òde ayẹyẹ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú rẹ̀, fi hàn pé àwọn obìnrin kò gba èyí ní títúúbá. Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin láìsí aṣojú fún wọn ni wọ́n bá jà, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1949. Nígbà tí ìdìbò 1959 dé, tọkùnrin tobìnrin ló dìbò ní gúúsù ilẹ̀ yìí. Àwọn obìnrin Àríwá ní láti dúró di 1979. Ní 1960, Wúràọlá Esan láti Ìbàdàn di obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ṣùgbọ́n yíyàn ni wọ́n yàn án, kì í ṣe ìdìbò ló gbé e wọlé.

Ní Ẹdẹ, agbára tó ṣẹ́kù fún obìnrin wà ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ọjà. Ọjà Tìmì wà títí di òní, àdúgbò rẹ̀ sì ni olú ilé iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ẹdẹ wà. Ọ̀nà reluwé tó gba Ẹdẹ kọjá lọ sí Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún sì mú kí òwò àwọn obìnrin gbòòrò sí i. Ọ̀nà kejì ni ilé ìsìn. Àwọn oyè bí Ìyá Àdínì àti Ìyá Sùnnà ní mọ́sálásí, pẹ̀lú Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, fún obìnrin ní ipò àṣáájú tí gbogbo ìlú mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù ń kó obìnrin jọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Wọ́n ń dá owó, wọ́n ń bẹ aláìsàn wò, wọ́n sì ń parí ìjà. Ẹni tó bá ti ṣe alága irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ìṣèjọba kó tó gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Nítorí náà, kò rọrùn láti sọ pé àìmọ̀ọ́ṣe ló fa àìsí obìnrin nínú ìjọba.

3.0 Ètò Àyípadà Lọ́wọ́ Ológun

3.1 Ẹni tó kọ òfin

Nígbà tí ìjọba ológun kọ́kọ́ múra láti gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1975, ó yan àádọ́ta ènìyàn láti kọ ìwé òfin ilẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ̀ láti bá wọn ṣe é, ó ku mọ́kàndínláàádọ́ta. Kò sí obìnrin kankan nínú wọn. Àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní ọlọ́gbọ́n mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó wá dà bí ẹni pé kò sí ọlọ́gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Fọlákẹ́ Ṣólànkẹ́, amòfin, ti jẹ́ kọmíṣánnà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn láti 1972.

Ti 1986 sàn díẹ̀. Obìnrin méjì wà láàrin ènìyàn mẹ́tàdínlógún tó wà nínú Political Bureau. Àjọ náà dámọ̀ràn pé kí wọ́n ya ìdá 5 nínú 100 ìjókòó àwọn aṣòfin sọ́tọ̀ fún obìnrin. Ìdá kékeré gbáà ni, ìjọba Babangida kò sì gbà á. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ètò àyípadà náà ní àǹfààní láti sọ àga obìnrin di ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin, tó sì jẹ́ kó bọ́.

3.2 Agbára tó ti ọwọ́ ọkọ wá

Ohun tí ìjọba fi rọ́pò rẹ̀ ni ètò Better Life fún àwọn obìnrin ìgbèríko, tí Maryam Babangida, ìyàwó olórí ìjọba, dá sílẹ̀ ní 1987. Ètò náà ṣe àǹfààní: ó kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn síta fún aráyé rí. Àmọ́ ó yẹ kí á wo bí wọ́n ṣe to àṣẹ rẹ̀. Ìyàwó olórí ìjọba ló wà lókè, ìyàwó gómìnà ló tẹ̀lé e ní ìpínlẹ̀, ìyàwó alága ló sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ipò tí ọkọ wà ni ìyàwó ń tẹ̀lé. Ọjọ́ tí ọkọ bá kúrò lórí oyè, ọjọ́ náà ni ipò ìyàwó tán. Nígbà ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha, ìyàwó rẹ̀ gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀, ti ìṣáájú sì di ohun ìgbàgbé.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ayé Ìyálóde àti ayé àwọn ológun ti hàn jù. Iṣẹ́ ọwọ́ Ìyálóde ló gbé e dé ipò. Ìgbéyàwó ló gbé aṣáájú tuntun dé ibẹ̀. Obìnrin alájàpá ní Ọjà Tìmì, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ní láti tò sẹ́yìn ìyàwó ọ̀gá kan tó lè má gbọ́ èdè rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìjọba dá Àjọ Orílẹ̀-èdè fún Ọ̀rọ̀ Obìnrin sílẹ̀ ní 1989, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Awe fúnra rẹ̀ sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òótọ́ sì ni pé wọ́n dá ilé iṣẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ obìnrin sílẹ̀ ní 1995. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin.

3.3 Ìdìbò orí ìlà

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, 1991, ìjọba yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n dìbò gómìnà. Ẹgbẹ́ méjì péré ni ìjọba gbà láàyè, SDP àti NRC. Orí ìlà ni wọ́n ti dìbò: olùdìbò á tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó fẹ́, wọ́n á sì ka orí ní gbangba. Ẹgbẹ́ SDP ló wọlé ní Ọ̀ṣun, Ìsíákà Adélékè sì gba ìjọba ní oṣù Kìn-ín-ní 1992. Ọkùnrin ni igbákejì rẹ̀ náà. Nínú ọgbọ̀n ìpínlẹ̀ tó wà nígbà náà, Èkó àti Cross River ni wọ́n ní igbákejì gómìnà obìnrin.

Ìdí tí ìjọba fi yan ìdìbò orí ìlà ni kí èrú má bàa wọ inú àpótí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé èrú pọ̀ nínú ìdìbò 1983. Ṣùgbọ́n ohun tó dí ojú ihò kan ṣí òmíràn sílẹ̀. Lórí ìlà, gbogbo àdúgbò ló ń rí ẹni tí ènìyàn tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ ń wo ìyàwó, baálé ń wo gbogbo obìnrin ilé, ọlọ́jà ń wo oníbàárà. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SDP, tí òun sì fẹ́ NRC, ní láti yàn láàrin ìbò rẹ̀ àti àlàáfíà ilé rẹ̀. Ti ẹlẹ́hàá tún le ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí ìdúró gbọọrọ láàrin èrò lọ́kùnrin lóbìnrin kò bá ìgbé ayé rẹ̀ mu. Ìbò bòńkẹ́lẹ́ kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ èrú nìkan. Òun ni ààbò ẹni tí agbára rẹ̀ kéré nínú ilé. Nígbà tí ìdìbò ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, 1993 dé, wọ́n ti yí i padà: olùdìbò ń tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀, ó sì ń ju ìwé sínú àpótí ní gbangba.

4.0 Oṣù Kẹfà 1993 àti Ohun Tó Tẹ̀lé E

Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló ń borí nínú ìdìbò náà kí ìjọba ológun tó fagi lé e ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà. Ní oṣù Kọkànlá 1993, Ọ̀gágun Abacha gba ìjọba, ó tú àwọn gómìnà àti aṣòfin ká, ìjọba Adélékè ní Ọ̀ṣun sì parí síbẹ̀.

Nínú ìjà tó tẹ̀lé e, obìnrin tó ta yọ jù lọ ni Kúdíràtù Abíọ́lá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní àhámọ́, òun ló ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, òun ló ń kó àwọn ajìjàǹgbara jọ, ó sì dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì nígbà tí wọ́n yanṣẹ́ lódì ní 1994. Wọ́n yìnbọn pa á ní Èkó ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, 1996. Yorùbá ni, Mùsùlùmí ni, ìyá ọlọ́mọ sì ni. Ìgbé ayé rẹ̀ já irọ́ àwọn tó ní ọ̀rọ̀ òṣèlú kì í ṣe ti obìnrin onímàle. Síbẹ̀, ó yẹ kí á rí i pé bí ìyàwó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń dárúkọ rẹ̀: wọ́n ní ó jà fún ọkọ rẹ̀. Ohun tó jà fún ni ìbò gbogbo ìlú.

Abacha kú ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, 1998. Abíọ́lá kú ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún kan náà. Ètò àyípadà tí Ọ̀gágun Abdulsalami ṣe kò pé ọdún kan. Wọ́n dìbò tán kí ará ìlú tó rí ìwé òfin tí ìjọba tuntun yóò lò. Òfin 1999 yìí sọ ní abala 42 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jìyà nítorí pé ó jẹ́ akọ tàbí abo. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ń pe ààrẹ àti gómìnà bí ẹni pé ọkùnrin ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ ni, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ "ó" ìbá ti kó akọ àti abo pọ̀ láìsí wàhálà. Abala 26 tún fún ọkùnrin Nàìjíríà láyè kí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ àjèjì di ọmọ ilẹ̀ yìí nípa ìgbéyàwó. Kò fún obìnrin Nàìjíríà ní irú àyè bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

5.0 Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun Lẹ́yìn 1999

Bí ènìyàn bá wo Ọ̀ṣun láti òkèèrè, yóò rò pé ìpínlẹ̀ àwọn obìnrin ni. Olúṣọlá Obada ni igbákejì gómìnà láti 2003 sí 2010 lábẹ́ Ọlágúnsóyè Oyinlọlá. Títí Láoyè-Tomori gba ipò náà ní 2010 lábẹ́ Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ó sì lò ó di 2018. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni obìnrin fi wà níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó yàtọ̀ síra. Ní oṣù Kẹfà 2007, Patricia Olúbùnmi Etteh láti Ìkirè di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin l'Ábújá.

Àmọ́ bí a bá sún mọ́ ọn, àwòrán náà yí padà. Abala 193 nínú òfin sọ pé gómìnà ló lè fún igbákejì rẹ̀ ní iṣẹ́ bó bá wù ú. Bí gómìnà kò bá fún un ní nǹkan kan, igbákejì kò ní nǹkan kan. Láoyè-Tomori rí ètò ẹ̀kọ́ bójú tó. Ọwọ́ gómìnà ló ti rí i gbà. Láti 1999 títí di ìdìbò 2023, kò sí obìnrin kankan tí Ọ̀ṣun dìbò yàn sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó di gómìnà. Lẹ́yìn 2018, ipò igbákejì náà padà sọ́wọ́ ọkùnrin. Ohun tí a fi fúnni nítorí ojú rere, ojú rere náà ló ń gbà á padà.

Ti Etteh ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kò pé oṣù márùn-ún tó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, 2007, nítorí awuyewuye lórí owó àtúnṣe ilé àti ọkọ̀. Ó tọ́ kí aṣòfin ṣàlàyé bó ṣe náwó ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wí kò dúró lórí ọ̀rọ̀ owó. Iṣẹ́ irun ṣíṣe tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń bú u. Kò sí ẹni tó bú aṣòfin ọkùnrin pé ó ti ṣe káràkátà tàbí awakọ̀ rí. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ obìnrin Ọ̀ṣun fi ń bọ́ ọmọ di ohun ẹ̀gàn l'Ábújá.

Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú gan-an, ipò tí wọ́n dá sílẹ̀ fún obìnrin láti wọ́ọ̀dù dé àpapọ̀ ni ti asíwájú obìnrin, tí àwọn ará ọjà ń pè ní wúmàn-lídà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe àwọn obìnrin jáde, láti pín aṣọ ẹgbẹ́, láti kọrin níwájú olùdíje. Ó jọ Ìyálóde nítorí pé ó ń ṣojú obìnrin. Ó yàtọ̀ sí Ìyálóde nítorí pé nígbà tí ìpàdé tí wọ́n ti ń pín tíkẹ́ẹ̀tì bá bẹ̀rẹ̀ ní òru, inú yàrá kọ́ ni yóò wà. Ìyálóde ń mú ọ̀rọ̀ obìnrin lọ sí ìgbìmọ̀. Asíwájú obìnrin ń mú ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ wá bá obìnrin.

6.0 Ọmọ Ìlú Wo Ni Abilékọ?

Ìdènà kan wà tí kì í hàn nínú ìwé òfin bí ọ̀rọ̀ obìnrin, tó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Òun ni ọ̀rọ̀ ọmọ onílùú. Abala 318 nínú òfin 1999 sọ pé ìpínlẹ̀ tí òbí tàbí òbí àgbà ènìyàn ti ṣẹ̀ ni ènìyàn jẹ́ ti. Abala 147 ní kí ààrẹ yan mínísítà kan, ó kéré tán, láàrin ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé ìgbéyàwó lè sọ obìnrin di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀.

Kí á gbé obìnrin kan tí wọ́n bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó fẹ́ ọkọ sí Ẹdẹ ní 1985, yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ni ilé bàbá rẹ̀ àti ilé ọkọ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, 1991, ó di ọmọ ìpínlẹ̀ kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, láìkúrò ní ilé. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ìbéèrè tó dìde ni pé ìpínlẹ̀ wo ni yóò ka a mọ́ tirẹ̀. Bó bá fẹ́ díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ ní Ẹdẹ, wọn yóò ní kì í ṣe ọmọ bíbí ìlú. Bó bá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọn yóò ní ilé ọkọ ni ilé obìnrin. Àwọn méjèèjì ni yóò gba ìbò rẹ̀. Kò sí èyí tí yóò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ rẹ̀ kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí kì í ṣe òun ló kó ẹrù. Àwọn ológun tó dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ kí ìjọba baà lè sún mọ́ ará ìlú kò ro ti obìnrin tí ààlà tuntun gba àárín ìgbésí ayé rẹ̀ kọjá.

7.0 Ohun Tí Òfin Ti Ṣe àti Èyí Tó Kù

Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó ta ko ìyànjẹ obìnrin láti 1985. Ní 2006, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ìlànà kan jáde tó ní kí obìnrin gba ìdá 35 nínú 100 ipò ìjọba. Ìlànà kì í ṣe òfin. Ní oṣù Kẹta 2016, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kọ àbádòfin ìdọ́gba takọtabo. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, 2022, àwọn aṣòfin l'Ábújá tún kọ àbádòfin márùn-ún tó jẹ mọ́ obìnrin ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn ìbá fi ìjókòó 111 kún ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì fún obìnrin nìkan. Òmíràn ìbá sọ abilékọ di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn obìnrin lọ fi ẹ̀hónú hàn ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé obìnrin ni ọ̀tá obìnrin, pé bí obìnrin bá fẹ́ dìbò fún obìnrin, wọn ìbá ti wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kò dé ibi tí ìṣòro wà. Kí olùdìbò tó rí orúkọ, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ti yan orúkọ náà nínú ìdìbò abẹ́nú. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2011, Sarah Jibril díje nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ PDP fún ipò ààrẹ. Ìbò kan ṣoṣo ló ní. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà kọ́ ló kọ̀ ọ́, nítorí wọn kò sí nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń dín owó fọ́ọ̀mù kù fún obìnrin, àwọn mìíràn sì ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ kì í ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì láti inú.

Iye obìnrin tó wọlé fi èyí hàn. Nínú aṣòfin àgbà 109 tó wọlé ní 1999, obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nínú 109 tí àjọ elétò ìdìbò kéde ní 2023, mẹ́ta náà ni, kí ilé ẹjọ́ tó fi ẹnì kan kún wọn lọ́dún yẹn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ti kọjá, orí kan náà ni wọ́n ṣì ń kà.

A kò ní láti lọ jìnnà kí á tó rí ọ̀nà mìíràn. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, òfin ìdìbò ya ìjókòó 24 nínú 109 sọ́tọ̀ fún obìnrin, wọ́n sì lò ó nínú ìdìbò oṣù Kìn-ín-ní 2023. Obìnrin kan, ó kéré tán, ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan wá. Bí ará Kétu bá lè ṣe é, kò sí ìdí tí yóò fi jẹ́ èèwọ̀ ní Ẹdẹ.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àwọn obìnrin Ẹdẹ àti Ọ̀ṣun kò ṣaláìní ọgbọ́n, owó tàbí ìgboyà nígbà tí ìjọba àwa-ara-wa dé. Ọjà, àsàlátù àti ìjọ ti kọ́ wọn ní ìṣèjọba. Ohun tí wọ́n pàdánù ni àga tó jẹ́ ẹ̀tọ́. Òyìnbó mú un kúrò. Àwọn ológun fi ipò ìyàwó rọ́pò rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú sọ ọ́ di ipò asíwájú obìnrin.

Àbá mẹ́ta ló tẹ̀yìn àyẹ̀wò yìí yọ. Èkíní, kí wọ́n tún gbé àbádòfin ìjókòó àkànṣe dìde, nítorí ohun tí òfin bá fúnni kò ní padà bọ́ nígbà tí gómìnà bá yí padà. Èkejì, kí òfin fún abilékọ láyè láti yan ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ tàbí ti ọkọ rẹ̀, kí ẹni tó fi ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ìlú kan ṣe má bàa jẹ́ àlejò níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí òfin ẹgbẹ́ òṣèlú sọ asíwájú obìnrin di ẹni tó ń dìbò nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín tíkẹ́ẹ̀tì, láti wọ́ọ̀dù dé òkè. Èyí ẹ̀kẹta kò nílò àtúnṣe òfin ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ lè ṣe é nínú ìpàdé kan.

Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú wọn. Àwọn Yorùbá tó dá oyè Ìyálóde sílẹ̀ ti mọ̀ pé ìlú tí ìdajì ènìyàn rẹ̀ kò ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tán. Àga náà ni wọ́n tẹ́ fún un, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní kó dúró sí.